Bí Ìwọ̀n Wíìlì àti Táyà Ṣe Ń Yí Ìwà Kẹ̀kẹ́ Padà, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Yín Mu

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ sábà máa ń béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé yóò wọlé? Ìbéèrè náà dára, àmọ́ kò tó. Táyà tó wọlé wẹ́rẹ́ lè sọ kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ yín ti mọ́ di àjèjì sí yín. Ó lè máa lọ́ra láti yí, ó lè máa já wọ inú kọ́nà kí ẹ tó darí rẹ̀ síbẹ̀, pẹ́dà rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀. Gbogbo èyí ló ní ìdí, ìdí náà kò sì fara sin. Tépù ìwọ̀n, okùn tí ẹ so nǹkan wúwo mọ́ nídìí, igi gígùn tó tọ́, ṣọ́ọ̀kì, àti pọ́ǹpù tó ní géèjì ti tó láti fi wá a rí.

Kẹ̀kẹ́ kò mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ta wíìlì. Ohun mẹ́ta ló mọ̀: bí àárín họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín gbùngbùn wíìlì, ṣe ga tó láti ilẹ̀, bí táyà ṣe fẹ̀ tó, àti bí atẹ́gùn inú rẹ̀ ṣe le tó. Àwọn èèyàn máa ń jiyàn gan-an lórí ti àkọ́kọ́, wọ́n máa ń náwó lórí ìkejì, wọn kì í sì í ka ìkẹta sí. Bẹ́ẹ̀ ìkẹta yìí ni ọwọ́ yín ń gbọ́ jù lọ lójoojúmọ́, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Ìgbésẹ̀ 5, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má fò ó.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka nọ́ńbà tó tọ́ lára táyà

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 26 × 2.0, 700 × 28C, 29 × 2.2 tàbí 20 × 1.75. Ẹ má gbára lé ìwọ̀nyí nìkan, nítorí wọ́n ti di orúkọ lásán. Táyà 26 × 1 3/8 àti táyà 26 × 2.0 ń jẹ́ ìnṣì 26 ni méjèèjì, síbẹ̀ rímù tí àkọ́kọ́ sábà máa ń jókòó lé jẹ́ mílímítà 590, ti èkejì sì jẹ́ 559. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ọ̀kan sórí rímù èkejì. Ẹ wá wo 700C àti ìnṣì 29: etí gbọ́ ọ bí ohun méjì tó yàtọ̀, àmọ́ rímù kan náà ni, mílímítà 622.

Nọ́ńbà tí ẹ ń wá ni èyí tó ní àmì kékeré láàárín: 28-622, 47-584, 50-559, 40-406. Ìlànà ISO 5775 ni, àwọn kan ń pè é ní ETRTO. Ti iwájú ni ìbú táyà ní mílímítà. Ti ẹ̀yìn ni ìwọ̀n rímù láti ẹ̀gbẹ́ kan gba àárín wíìlì kọjá dé ìkejì, níbi tí etí táyà ti jókòó. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn yìí kò bá dọ́gba, táyà náà kì í ṣe ti rímù yín, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sára páálí rẹ̀.

Àwọn tí ẹ máa bá pàdé jù nìyí: 622 fún 700C àti ìnṣì 29, 584 fún ìnṣì 27.5, tí wọ́n tún ń pè ní 650B. 559 fún ìnṣì 26 ti kẹ̀kẹ́ orí òkè. 507 fún ìnṣì 24 ti àwọn ọmọdé. 406 fún ìnṣì 20 ti BMX àti púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó ń ká. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lè ní 630 (ìnṣì 27) tàbí 635 (28 × 1 1/2). Ẹ ṣọ́ra fún ìnṣì 20 tó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí 451 ni rímù tirẹ̀, kò sì bá 406 mu.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wọn gíga wíìlì fúnra yín

Ẹ mú ìwọ̀n rímù, ẹ fi ìlọ́po méjì ìbú táyà kún un. Ohun tó bá jáde ni bí wíìlì ṣe ga tó látòkè délẹ̀. 28-622 jẹ́ 622 + 56, ìyẹn 678. Ẹ wá ṣe ti 47-584: 584 + 94, ìyẹn 678 náà.

Ẹ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iyàn ti ń parí. Wọ́n ń ta ọ̀kan ní 700C, wọ́n ń ta èkejì ní 27.5, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wà lórí ilẹ̀, gíga kan náà ni wọ́n ní. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ tó ń lo búréèkì dísìkì lè yọ wíìlì 622 tó ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó fi 584 tó ní táyà fífẹ̀ sí i, kí gíga pẹ́dà, ìrọ̀rùn géà àti igun fọ́ọ̀kù, ìyẹn apá tó di wíìlì iwájú mú, má sì yí padà rárá, bí férémù bá ti láyè fún ìbú rẹ̀. Ohun tó yí padà ni ìbú, ìwúwo àti atẹ́gùn.

Ìṣirò yìí súnmọ́ òótọ́, àmọ́ táyà kì í ga tó bó ṣe fẹ̀ nígbà gbogbo, ó sì máa ń tẹ̀ bí èèyàn bá jókòó lé e. Tí ẹ bá fẹ́ òdodo rẹ̀, ẹ fẹ́ táyà dé ibi tí ẹ máa ń fẹ́ ẹ dé, ẹ yí wíìlì iwájú kí fáfù wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jókòó lé kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan dì yín mú, ẹ lọ gbọọrọ títí fáfù yóò fi padà dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ sàmì síbẹ̀ náà. Ẹ wọn àlàfo àárín àmì méjèèjì, ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ sì fi 6.28 pín ohun tó kù. Bí wíìlì bá lọ mílímítà 2,100 nígbà tó yí lẹ́ẹ̀kan, 2,100 ÷ 6.28 jẹ́ 334. Ìyẹn ni gíga tòótọ́ láti ilẹ̀ dé àárín họ́ọ̀bù nígbà tí ẹ bá wà lórí rẹ̀, òun sì ni mo ń pè ní gíga wíìlì láti ibí lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà nílò 2,100 yẹn kó tó lè sọ eré yín láìṣì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá trail

Bí ẹ bá fa ìlà kan gba àárín páìpù orí, ìyẹn páìpù iwájú férémù tí fọ́ọ̀kù gba inú rẹ̀, tí ẹ sì jẹ́ kí ìlà náà máa lọ títí yóò fi kan ilẹ̀, yóò kan ilẹ̀ níwájú ibi tí táyà tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ń pè ní trail. Ẹ wo àwọn táyà kéékèèké abẹ́ àga ọ́fíìsì: bí ẹ bá ti àga náà, táyà á yí padà kí ó lè máa tẹ̀ lé ibi tí wọ́n kàn án mọ́. Iwájú kẹ̀kẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí trail bá ti gùn tó ni wíìlì iwájú ṣe máa ń fẹ́ dojú kọ ibi tí kẹ̀kẹ́ ń lọ.

Láti wọ̀n ọ́n, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ nàró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wíìlì iwájú kọjú síwájú gan-an. Ẹ fi igi gígùn náà sí ẹ̀gbẹ́ páìpù orí, kí ó bá àárín páìpù náà lọ lọ́gbọọgba, kí ìdí rẹ̀ sì kan ilẹ̀. Ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ ta okùn tó ní nǹkan wúwo nídìí láti àárín họ́ọ̀bù iwájú, ẹ sàmì sí ibi tó dúró lé. Ẹ wọn àárín àmì méjèèjì. Bí ẹ bá rọra ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ kò ní ṣì í ju mílímítà díẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní ìwé ìwọ̀n férémù rẹ̀ lè ṣírò rẹ̀ dípò kó wọ̀n ọ́n. Ẹ mú igun páìpù orí àti iye tí fọ́ọ̀kù fi gbé họ́ọ̀bù síwájú. Bí igun náà bá jẹ́ dígírì 73, tí fọ́ọ̀kù sì gbé họ́ọ̀bù síwájú ní mílímítà 45, ẹ fi 0.292 (cosine igun náà) sọ gíga di púpọ̀, ẹ yọ 45 kúrò, ẹ fi 0.956 (sine rẹ̀) pín ohun tó kù. Fún wíìlì 28-622 tí gíga rẹ̀ jẹ́ 339, ìyẹn ìdajì 678, trail jẹ́ bíi mílímítà 56 sí 57. Bí ẹ bá fi wíìlì 40-406 sínú fọ́ọ̀kù tó ní igun kan náà àti ìgbésíwájú kan náà, gíga á já sí 243, trail á sì já sí 27. Ìyẹn kò tó ìdajì. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń ṣe kẹ̀kẹ́ wíìlì kékeré fi gbọ́dọ̀ dín ìgbésíwájú fọ́ọ̀kù kù tàbí kó dẹ igun náà. Kẹ̀kẹ́ kékeré tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀bi wíìlì kékeré nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́ọ̀kù tí kò bá a mu ni.

Wàyí o, ibi tó yẹ kí ẹ fọkàn sí nìyí. Lórí kẹ̀kẹ́ yẹn, mílímítà 10 tí ẹ bá fi kún gíga wíìlì ń fi bíi mílímítà 3 péré kún trail. Ẹni tó yọ táyà 25-622, tó fi 32-622 sí i, fi mílímítà 7 kún gíga, mílímítà 2 ló sì fi kún trail. Ọwọ́ yín kò lè gbọ́ ìyẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ sì wá wúwo lọ́wọ́, ẹ má sọ pé igun férémù ló bàjẹ́. Ìbú táyà àti atẹ́gùn ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Kí ni trail gígùn tàbí kúkurú ń ṣe? Kẹ̀kẹ́ eré orí títì sábà máa ń wà láàárín 55 sí 60. Kẹ̀kẹ́ orí òkè ti òde òní máa ń ju 100 lọ, nítorí pé orí àpáta àti ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n fi ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe láti fi gbé ẹrù síwájú lè wà ní 30 sí 40. Trail gígùn ń dúró gbọnin bí eré bá pọ̀, àmọ́ bí ẹ bá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, wíìlì á máa fẹ́ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó sì máa fà á padà. Trail kúkurú rọrùn bí eré kò bá pọ̀, ẹrù iwájú kì í sì í yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí ọkàn yín wà lọ́nà bí ẹ bá ń sáré.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí wíìlì ṣe ń yí ló ń gbé kẹ̀kẹ́ dúró, àti pé wíìlì ńlá ló ń mú un dúró jù. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1970, David Jones fi wíìlì kan tó ń yí padà sẹ́yìn kún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti pa agbára yíyí yẹn rẹ́, ó sì gùn ún láìsí wàhálà. Ní 2011, Kooijman, Meijaard, Papadopoulos, Ruina àti Schwab fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé kẹ̀kẹ́ tí kò ní agbára yíyí, tí trail rẹ̀ tilẹ̀ kéré ju òfo lọ díẹ̀, ṣì lè mú ara rẹ̀ dúró. Bí ìwúwo ṣe pín káàkiri ara kẹ̀kẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ má baà sọ trail di òrìṣà. Ó wúlò gan-an láti fi wo kẹ̀kẹ́ kan náà kí ẹ tó pààrọ̀ táyà àti lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò tó láti fi ṣèdájọ́ kẹ̀kẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo àwọn nǹkan mìíràn tí gíga wíìlì ń fà

Pẹ́dà ni àkọ́kọ́. Bí gíga wíìlì méjèèjì bá fi mílímítà 15 dín, pẹ́dà náà súnmọ́ ilẹ̀ ní mílímítà 15. Bí ẹ bá ń wa pẹ́dà nínú kọ́nà, ó lè kan ilẹ̀, ó sì lè gbé wíìlì ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ẹ lo wíìlì tó kéré sí i, ẹ kọ́ láti máa gbé pẹ́dà inú kọ́nà sókè ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá pààrọ̀ ti iwájú nìkan, gbogbo kẹ̀kẹ́ ló máa fì. Lórí kẹ̀kẹ́ tí họ́ọ̀bù rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní mítà 1, mílímítà 10 tí ẹ bá fi gbé iwájú sókè ń dẹ igun páìpù orí ní ohun tó ju ìdajì dígírì lọ díẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ orí òkè kan ní 29 níwájú àti 27.5 lẹ́yìn, ó sì dára lórí férémù tí wọ́n ṣe fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi 27.5 sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún 29 méjì, igun á dẹ̀ ní bíi dígírì kan, pẹ́dà á sọ̀ kalẹ̀, ìjókòó á sì fì sẹ́yìn. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó ṣe é.

Géà náà á yí padà. Wíìlì kékeré ń mú géà rọrùn, ó sì ń dín ọ̀nà tí ẹ ń lọ kù bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú eyín 50 níwájú àti 17 lẹ́yìn, wíìlì 28-622 ń lọ bíi mítà 6.3, 40-406 ń lọ bíi mítà 4.5.

Ti kòtò àti òkúta ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò jù níbí. Bí wíìlì bá pàdé ìdènà tó ga ní mílímítà 50, wíìlì tí gíga rẹ̀ jẹ́ 339 máa ń gbà á ní igun dígírì 31 tàbí 32. Èyí tó jẹ́ 243 máa ń gbà á ní 37. Igun náà le jù fún wíìlì kékeré, nítorí náà ìdènà náà ń tì í sẹ́yìn ju bó ṣe ń ti wíìlì ńlá lọ. Òun ni wíìlì kékeré fi ń jáni lọ́wọ́ gbà nínú kòtò. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe yanjú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Rover tí John Kemp Starley gbé jáde ní 1885 ti fi ṣéènì wa wíìlì ẹ̀yìn, kò sì tún nílò wíìlì iwájú gàgàrà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n lára rọ́bà líle. Ní 1888 ni John Boyd Dunlop gba ìwé àṣẹ fún táyà onífẹ́fẹ́, láti ìgbà náà sì ni kẹ̀kẹ́ tó rẹlẹ̀ ti borí. Ní 1962, Alex Moulton gbé kẹ̀kẹ́ tí wíìlì rẹ̀ jẹ́ ìnṣì 16 jáde, ó fi rọ́bà àti sípírín-ìn sí i níwájú àti lẹ́yìn kí ó lè gba ìgbọ̀nrìrì. Bí ẹ bá dín gíga kù, ohun mìíràn gbọ́dọ̀ gba ìdènà náà mọ́ra, atẹ́gùn inú táyà ni èyí tó rọrùn jù láti fi ṣe é.

Nípa ìwúwo, kúkurú ni ọ̀rọ̀ mi: wíìlì tó kéré, tó sì fúyẹ́, ń tètè gbéra, ó sì ń tètè yí, èyí tó tóbi, tó sì wúwo níta, ń lọ́ra láti yí, àmọ́ ó ń dúró bí ó bá ti ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dín ìwúwo kù, ẹ dín ti táyà àti túùbù kù kí ẹ tó dín ti họ́ọ̀bù.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi atẹ́gùn tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ibi tí táyà fi tẹ ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwúwo tó wà lórí rẹ̀ tí a fi líle atẹ́gùn pín. Bí kílò 40 bá wà lórí wíìlì iwájú, tí táyà sì ní psi 60 (psi ni ìwọ̀n líle atẹ́gùn tí géèjì pọ́ǹpù ń fi hàn), ojú tó fi tẹ ilẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin dọ́gba 9.5. Ní psi 30, ó di ìlọ́po méjì rẹ̀, bíi 19. Ìbú táyà kò yí iye yìí padà. Ìrísí rẹ̀ ló ń yí padà. Ti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gùn síwájú-sẹ́yìn, ti táyà fífẹ̀ máa ń kúrú, ó sì máa ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àǹfààní gidi táyà fífẹ̀ ni pé ẹ lè dín atẹ́gùn rẹ̀ kù láìjẹ́ pé rímù ń gbá ilẹ̀. Ẹni tó ra táyà fífẹ̀ tó sì fẹ́ ẹ le bí ti tẹ́ẹ́rẹ́ ti sọ owó rẹ̀ nù.

Fún kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó gùn ún tí wọ́n jọ jẹ́ bíi kílò 85, ibi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: táyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 25: psi 85; 28: psi 70 sí 75; 32: psi 55 sí 60; 40: psi 35 sí 40; 50: psi 25 sí 30; 57: psi 20 sí 24. Ẹ fi díẹ̀ kún un bí ẹ bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ díẹ̀ kúrò bí ẹ bá fúyẹ́. Kí ti ẹ̀yìn fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti iwájú lọ, nítorí ìwúwo púpọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ kò gbọdọ̀ kọjá iye tó pọ̀ jù tí wọ́n kọ sára táyà tàbí rímù. Èyí tó bá kéré nínú méjèèjì ni òfin. Rímù tí kò ní ìkọ́ létí, tí wọ́n ń pè ní hookless, kò gbọdọ̀ ju bar 5 lọ, ìyẹn bíi psi 72, táyà tí wọ́n fọwọ́ sí fún un nìkan ló sì yẹ kí ẹ fi sí i.

Fún táyà orí títì, ọ̀nà kan wà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wọn gíga táyà láti ilẹ̀ dé etí rímù nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ bí ẹ ṣe máa ń gùn ún, kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá ti 30 wálẹ̀ sí 25 tàbí 26, ó fi bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún tẹ̀, ibẹ̀ sì dára láti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tẹ̀ rárá, ó ti le jù.

Ara kẹ̀kẹ́ á sọ ìyókù fún yín. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, kẹ̀kẹ́ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ilẹ̀ gbágungbàgun, ọwọ́ yín á máa kú, ìlà yín á sì máa yẹ̀ nínú kọ́nà tí kò dán, nítorí pé táyà ń kúrò nílẹ̀. Bí ó bá kéré jù, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á wúwo bí eré bá dínkù, kẹ̀kẹ́ á máa lọ́ra díẹ̀ láti dáhùn bí ẹ bá darí rẹ̀, ẹ ó gbọ́ bí táyà ṣe ń yẹ̀ lábẹ́ yín bí ẹ bá nàró lórí pẹ́dà, rímù á sì máa gbá òkúta. Àṣìṣe méjèèjì lè dà bí kẹ̀kẹ́ tí kò dúró dáadáa. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo géèjì, ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ táyà kí ẹ sì gbà pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ jẹ́ kí rímù, ìbú àti ojú táyà bára wọn mu

Ẹ wọn ìbú inú rímù láti etí kan dé èkejì, ní mílímítà. Mílímítà kan tí inú rímù bá fi fẹ̀ sí i ń fi bíi 0.4 kún ìbú táyà. Nítorí náà, táyà tí wọ́n kọ 32 sí lè jẹ́ 34 lórí rímù yín. Rímù 17 sí 21 dára fún táyà 28. 21 sí 25 dára fún 40. 25 sí 30 dára fún 57. Bí ẹ bá fi táyà fífẹ̀ sórí rímù tóóró, ìdí rẹ̀ á há, orí rẹ̀ á wú, á sì máa fì sọ́tùn-ún sósì nínú kọ́nà. Ẹ kò ní lè dín atẹ́gùn rẹ̀ kù, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni ẹ torí rẹ̀ rà á.

Bí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá ní dọ́gba, èyí tó fẹ̀ ni kó wà níwájú. Bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹ ṣì lè gbà á padà. Bí ti iwájú bá yọ̀, ẹ ti délẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, nítorí mo máa ń rí àwọn tó ń fi táyà tuntun sẹ́yìn, tí wọ́n á sì fi èyí tó ti gbó sílẹ̀ níwájú, kìkì nítorí pé ti ẹ̀yìn ló ń tètè jẹ. Ẹ fi tuntun síwájú, ẹ mú ti iwájú sẹ́yìn bí ó bá ṣì dára.

Ẹ wo ìrísí ojú táyà náà. Táyà ẹ̀yìn tó ti jẹ tó sì ti tẹ́ láàárín kì í fẹ́ dàgẹ̀rẹ̀. Bí ó bá wá kọjá etí ibi tó tẹ́ náà, á ṣubú wọ kọ́nà lójijì. Táyà tuntun tó rí róbótó kan náà lè mú kí kẹ̀kẹ́ dà bí òmíràn láìjẹ́ pé ìwọ̀n kankan yí padà. Lórí títì, ojú tó dán kò burú, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, nítorí pé táyà kẹ̀kẹ́ tóóró, ó sì le tó láti tẹ omi kúrò lọ́nà. Gọ̀ǹgọ̀ ojú táyà wúlò nínú ẹrẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀. Lórí títì, ṣe ló ń tẹ̀ lábẹ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo àyè tó kù

Kí mílímítà 4, ó kéré tán, wà láàárín táyà àti férémù lọ́tùn-ún, lósì àti lókè, àti nínú fọ́ọ̀kù náà. Bí ẹ bá ń gba inú ẹrẹ̀, kí ó tó 6 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú Allen key (irin onígun mẹ́fà tí wọ́n fi ń tú bóòtù) ti mílímítà 4, ẹ fi gba gbogbo àlàfo náà kọjá bí ẹ ṣe rọra ń yí wíìlì. Níbi tí kò bá ti gbà kọjá, ẹ má gùn ún.

Bí búréèkì yín bá jẹ́ èyí tó ń fún rímù mú, ìwọ̀n rímù tí ẹ lè lò kò pọ̀. Láti 630 sí 622, mílímítà 4 péré ni rọ́bà búréèkì ní láti fi sọ̀ kalẹ̀, ó sì lè ṣeé ṣe. Láti 622 sí 584, ó di 19, kò sì ní dé ibẹ̀. Búréèkì dísìkì kò ní ìṣòro yìí. Ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa ń wọ̀, ẹ mú pẹ́dà wá síwájú, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́: bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín bá kan táyà tuntun náà, ẹ mọ̀ ọ́n sínú fún ibi tí ẹ máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ dán an wò, ohun kan lẹ́ẹ̀kan

Ẹ wá ibi títẹ́jú tí ọkọ̀ kò sí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì tó jìnnà síra ní sẹ̀ńtímítà 30, kí wọ́n gùn tó mítà 15. Ẹ gba àárín wọn lọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ yí bí nọ́ńbà 8. Ẹ wọ kọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú eré kan náà. Ẹ fún búréèkì iwájú díẹ̀ nínú kọ́nà tó fẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ fẹ́ nàró. Níkẹyìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó dà díẹ̀. Ẹ kọ psi iwájú àti ti ẹ̀yìn sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ẹ gbọ́ lára. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà: psi 5 fún táyà tẹ́ẹ́rẹ́, psi 2 fún táyà fífẹ̀, níwájú tàbí lẹ́yìn, kì í ṣe méjèèjì.

Bí kẹ̀kẹ́ bá wúwo lọ́wọ́ nígbà tí eré kò pọ̀, ẹ fi díẹ̀ kún atẹ́gùn iwájú. Bí iwájú bá ń yọ̀ nínú kọ́nà gbágungbàgun, ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Bí ẹ̀yìn bá ń fì bí ẹ bá dàgẹ̀rẹ̀, ẹ fi kún ti ẹ̀yìn, ẹ sì wo ìbú rímù. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá táyà jókòó dọ́gba lórí rímù yíká, bóyá wíìlì tọ́, bóyá bíárìn páìpù orí kò dẹ̀, àti bóyá ẹrù ń mì lẹ́yìn, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nípa ìwọ̀n. Bí ẹ bá ti gbìyànjú atẹ́gùn sókè sódò tí kẹ̀kẹ́ kò sì yí ìwà padà, ìgbà yẹn ni ẹ tó padà sí trail tí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ wá ronú nípa táyà tó ga tàbí tó rẹlẹ̀ sí i.

Táyà tuntun máa ń fẹ̀ sí i bó bá ti gba atẹ́gùn fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà míì tó mílímítà kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ sì tún fi Allen key ti 4 náà gba gbogbo àlàfo inú férémù àti fọ́ọ̀kù kọjá.